Akọ̀wé Tí Ó Kọ Mẹ́rin Sílẹ̀

Màmá Ràzíátù ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Òun ni ẹ̀gbọ́n Sàwúdátù, inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Alabar, nílùú Kumasi, ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ṣe. Ó ní kí n má fi iyọ̀ kún un, kí n má sì yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́.

Ó ku ọdún méjì kí Gold Coast gba òmìnira, kí ó sì di Ghana. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Sàwúdátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó ń to ọjà wòsìwósì rẹ̀ sórí àtẹ: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, dígí kéékèèké àti ọṣẹ olóòórùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Sàláhúdéènì, ọmọ Ìlọrin, ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú, tí ó sì ń ta aṣọ lọ́jà.

"Agoo!"

Sàwúdátù gbójú sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó dúró síbẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò kakí, ó há ìwé ńlá kan mọ́ abíyá, ó sì ki pẹ́ńsùlù bọ ẹ̀yìn etí.

"Amee," ni Sàwúdátù fi dá a lóhùn, bí gbogbo ará Kumasi ṣe ń dá ẹni tó kan ilẹ̀kùn lóhùn. "Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Mi ò wá rajà. Káńsù ló rán mi. Jímọ̀h Abọ́dẹrìn ni orúkọ mi. Ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé inú ilé yìí?"

Sàwúdátù bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Yorùbá ni yín, irú ìbéèrè yìí lẹ sì ń bèèrè? Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Wọ́n kọ́ mi. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò gbọ́ ẹ̀kọ́ ìyá mi."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Àlùfáà ti jáde. Ó gbọ́ ohun tí àlejò náà wá ṣe, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mẹ́rin ni wá," ni ó wí.

Jímọ̀h wo inú àgbàlá. Bùtá tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá wà ní ẹsẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Ẹ má bínú o, Àlùfáà. Ẹ̀yin mẹ́rin, bùtá mọ́kànlélógún?"

"Ìmọ́tótó jẹ́ ìdajì ìgbàgbọ́," ni Àlùfáà dáhùn, ojú rẹ̀ kò sì yí padà rárá.

Sàwúdátù yára fi ìborùn bo ẹnu. Jímọ̀h wo bàbá, ó wo ọmọ, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Níkẹyìn ó fi itọ́ tọ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, ó kọ mẹ́rin sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ilé Àlùfáà nìkan kọ́. Bí gbogbo Alabar ṣe ṣe nìyẹn. Ilé tí ó ní ọgbọ̀n ènìyàn, wọ́n ní mẹ́fà ni àwọn. Àwọn kan ń bẹ̀rù owó orí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù èèwọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ṣe kírun tán, akọ̀wé náà tún dé. Ó ra òwú funfun kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra òwú dúdú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ra abẹ́rẹ́ mẹ́fà.

"Ṣé aṣọ yín ti ya tó bẹ́ẹ̀ ni?" ni Sàwúdátù bi í.

"Aṣọ mi kò ya. Ọkàn mi ni kò balẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ ni ẹ fẹ́ fi rán ọkàn?"

"Bí ẹni tí ó tà á fún mi bá lè bá mi rán an, mo gbà."

Ràzíátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́rin nígbà náà, ó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rín pa òun títí ọmọ inú òun fi sọ.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jímọ̀h kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Bí ó bá dé, yóò kọ́kọ́ kí Ìyá Àgbà Ojúọlápé, ìyá tó bí Àlùfáà, arúgbó tí kì í kúrò lórí ẹní rẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, yóò máa sọ ohun tí ó rí nígboro fún Sàwúdátù. Sàwúdátù fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni dópin kó tó fèsì. Kò tíì rí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí.

"Sàwú mi," ni ó máa ń pè é, tí kò bá sí àgbà nítòsí.

Nígbà tí ó fi tó oṣù mẹ́ta, ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀. Àlùfáà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní iṣẹ́ káńsù iṣẹ́ gidi ni, kò dà bí òwò tí òjò lè lé wọlé. Ó ní kí wọ́n padà wá kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí wọ́n wá so yìgì.

Inú Sàwúdátù dùn débi pé ó gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Àṣé ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún náà, ohun tí ó ń wọlé fún káńsù kò tó ohun tí ó ń jáde. Omi ẹ̀rọ ń gba owó, ojú ọ̀nà ń gba owó, àpò sì ti gbẹ. Káńsù ké sí ìjọba àgbà ní Accra. Ìjọba dáhùn pé àwọn yóò ran gbogbo káńsù tí apá kò ká ìnáwó rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iye ènìyàn tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò fi pín ìrànwọ́ náà.

Jímọ̀h dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ tí kì í wá. Kò bèèrè òwú. Ó kàn jókòó.

"Kí ló dé?" ni Sàwúdátù wí. "Ojú rẹ ti pọ́n."

"Wọ́n fẹ́ ti ilé agbẹ̀bí Alabar."

"Èyí tí Sista Ama agbẹ̀bí wà? Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ?"

"Òun náà ni. Ìwé sọ pé àwọn ènìyàn tó ń gbé Alabar kò pọ̀ tó kí àdúgbò wọn ní ilé agbẹ̀bí tirẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ dá akọ̀wé mẹ́jọ dúró. Èmi ni ìkẹta nínú wọn."

Sàwúdátù dìde. "Alabar kò ní ènìyàn? Alabar tí a kì í ríbi fẹsẹ̀ sí lọ́jọ́ ọjà? Ta ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Jímọ̀h wolẹ̀. "Ohun tí ẹ sọ fún mi ni mo kọ. Mẹ́rin, mẹ́fà, márùn-ún."

"Ṣùgbọ́n o rí bùtá, Jímọ̀h! O fi ojú ara rẹ rí i!"

"Mo rí bùtá," ni ó wí. "Mo rí ìwọ náà. Bí mo bá pe bàbá rẹ ní onírọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà wo ni n óò tún gbà wọlé?"

Sàwúdátù kò mọ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó jókòó padà.

Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé etí Àlùfáà. Ó pe Sàwúdátù sínú yàrá.

"Òṣìṣẹ́ káńsù ni mo gbà láti fún ọ. Bí káńsù bá lé e, ta ni mo fẹ́ fún ọ? Àúdù, ọmọ bàbá olóbì, ti ń bèèrè rẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí Jímọ̀h kò bá níṣẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, Àúdù ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kó kọ mẹ́rin?"

Àlùfáà mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń ṣà á.

Ìyá Àgbà ni ó fọhùn láti orí ẹní. "Èmi ni. Èmi ni mo kìlọ̀ fún bàbá rẹ. Wá jókòó, Àṣàkẹ́."

Sàwúdátù, tí ó ń fi oríkì pè ní Àṣàkẹ́, jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ méje ni mo bí," ni Ìyá Àgbà wí. "A wà ní Ìlọrin nígbà náà. Wọ́n ń jẹun nínú àwo kan ní iwájú ilé. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó nàka sí wọn, ó ní, 'Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…' ó kà wọ́n tán. Ó ní mo kú ewu ọmọ. Ìgbóná wọlé lọ́dún yẹn. Bàbá rẹ nìkan ló ṣẹ́kù. Èwo ni kí n wá gbà kí wọ́n ka tirẹ̀ fún un?"

Sàwúdátù kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ó gbá ẹsẹ̀ arúgbó náà mọ́ra, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni bàbá òun pa lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò, àti gbogbo wọn.

Kò rí oorun sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí ó ṣe ń to òwú sórí àtẹ, ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn. Ó gbé òwú funfun kan, ó sáré wọlé.

"Ìyá Àgbà, bí ẹnikẹ́ni kò bá ka ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

"Báwo?"

"Olúkúlùkù yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta kókó kan sára òwú. Ilé kan, okùn kan. A ò ní nàka sí ọmọ kankan. Òwú ni káńsù yóò kà, wọn ò ní ka ènìyàn."

Ìyá Àgbà gba òwú náà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Àwọn ìkókó tí kò lè ta kókó ńkọ́?"

"Ìyá wọn yóò di ọwọ́ wọn mú."

"Ti inú Ràzíátù ńkọ́?"

"Hà! Ìyá Àgbà!" Ràzíátù ké láti àgbàlá. "Ẹni tí kò tíì dé, kí ló fẹ́ ta kókó sí?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín tán. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti ká kò ta kókó àkọ́kọ́, ó lọ́ra, ó sì fún un dáadáa. Lẹ́yìn náà ó nà án sí Àlùfáà, tó ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Sàláhúdéènì, ta tìrẹ."

Àlùfáà wo ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó gba òwú, ó ní "Bìsìmíláì," ó ta kókó.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn obìnrin Alabar fi rìn láti ilé dé ilé. Gbogbo òwú orí àtẹ Sàwúdátù ni ó lọ sí i, kò sì gba kọ́bọ̀. Ibi tí baálé bá ti fẹ́ ṣe agídí, wọn yóò ní, "Ìyá Ojúọlápé ti ta tiwọn," ẹnu baálé yóò sì wọhò. Àwọn ọmọdé ń jà sí i. Ọ̀kan ta kókó méjì, ìyá rẹ̀ sì fi agídí tú ọ̀kan.

Lọ́jọ́ ìpàdé káńsù, Sàwúdátù gbé agbọ̀n òwú karí, Ràzíátù àti àwọn ìyá mẹ́fà tẹ̀lé e, wọ́n wọ ọ́fíìsì káńsù. Ọ̀gá Kojo, àgbà ọkùnrin ará Asante, ni olórí níbẹ̀. Ó bojú wo agbọ̀n.

"Kí lẹ gbé wá?" ni ó fi Twi bèèrè.

Ní Kumasi ni wọ́n bí Sàwúdátù, Twi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ará Alabar ni, sà."

"Nínú agbọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Okùn kan, ilé kan. Kókó kan, orí kan."

Àwọn akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kojo kò rẹ́rìn-ín. Ó fa okùn kan yọ, èyí tí wọ́n so nọ́ńbà ilé Àlùfáà mọ́, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kókó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n wo ìwé.

"Mẹ́rin ló wà nínú ìwé, sà," ni ẹnìkan wí.

"Ta ló kọ mẹ́rin?"

Jímọ̀h dìde lẹ́yìn. "Èmi ni, sà."

"Wọ́n tàn ọ́ ni?"

Sàwúdátù rí ọ̀nà àbáyọ níwájú Jímọ̀h, ó gbòòrò bí títì ọjà Kejetia. Kí ó kàn ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀bi di ti Alabar.

"Rárá, sà," ni Jímọ̀h wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà bẹ̀rù, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, nítorí pé ọmọ wọn ni mí. Ó yẹ kí n jókòó, kí n ṣàlàyé. Mo yára kọ ọ́ nítorí ojú ẹnìkan tí mo fẹ́ tún rí. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀nyí jìyà rẹ̀."

Ọ̀gá Kojo wo Jímọ̀h. Ó wo Sàwúdátù, tí ó ti dorí kodò. Ó mí kanlẹ̀.

"Ojú ẹnìkan," ni ó wí. "Awurade!" Olúwa ni ó ń fi Twi pè.

Lọ́jọ́ kejì, ó rán àwọn akọ̀wé mìíràn lọ sí ilé mẹ́wàá láti fojú rí i. Ohun tí okùn wí ni wọ́n bá. Ọ̀gá Kojo fúnra rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà sí Accra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dúró. Ní ọjọ́ tí èsì dé, Sista Ama ni ó sáré gba àárín ọjà, aṣọ funfun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. "Wọ́n ti ràn wá lọ́wọ́! Accra ti ràn wá lọ́wọ́! A ò ní tì í mọ́!" Àwọn obìnrin jó. Ẹni tí kò lè jó ń pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ràzíátù bímọ níbẹ̀. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Sista Ama sọ fún Àlùfáà pé ká ní ilé ni wọ́n ti bí i ni, ìyá àti ọmọ ni ìbá lọ.

Àlùfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé agbẹ̀bí. Ó wólẹ̀, ó forí kanlẹ̀ lórí erùpẹ̀. "Alhamdulillahi," ni ó ń wí. Ó sì fi Twi dúpẹ́: "Medaase, Sista. Medaase." Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣàdúà fún Sista Ama, ó ṣe é fún káńsù, ó sì ṣe é fún àwọn tó wà ní Accra tí kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n káńsù kò gbójú fo ẹ̀bi Jímọ̀h. Wọn kò lé e, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ sí Ejura, níbi tí ọ́fíìsì jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, kí ó máa lọ jẹ́ akọ̀wé kékeré. Ó wá sí ilé Àlùfáà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mi ò wá tọrọ mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ẹ gbà láti fún lọ́mọ, wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo wá dágbére ni. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sàwúdátù."

Sàwúdátù wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó di ògiri mú.

"Ta ló ní kí o dágbére?" ni Àlùfáà wí.

"Bàbá?"

"Dìde ńlẹ̀. Mo ti gbàdúrà kí Ọlọ́run fún ọmọ mi ní ọkọ tó níṣẹ́. Mi ò mọ bí a ṣe ń tọrọ ohun tó dára jùyẹn lọ. Ìwọ gbé ẹ̀bi mi rù lójú ìta, ọmọ ọmọ mi sì wà láàyè lónìí. Bí mo bá lọ fún Àúdù lọ́mọ lẹ́yìn èyí, ojú wo ni n óò fi kírun?"

Ìyá Àgbà là á mọ́lẹ̀ láti orí ẹní. "Ẹ pe Àṣàkẹ́ kó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ìgbà wo ni kò ti wà níbẹ̀?"

Sàwúdátù jáde, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Jímọ̀h gbójú sókè.

"Sàwú mi," ni ó wí, ó gbàgbé pé àwọn àgbà wà níbẹ̀. "Ejura jìnnà o. Kò sí iná mànàmáná. Ṣé o óò lè bá mi lọ?"

"Ṣé wọn ò lo òwú ní Ejura ni?" ni Sàwúdátù dáhùn. "N óò bá ọ lọ, olólùfẹ́ mi."

Ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ tó wọlé ni wọ́n so yìgì. Àlùfáà kò gbà ju Kùránì kan àti aṣọ méjì lọ. Ọ̀gá Kojo wá, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ará Ìlọrin, ó jẹ túwó, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Jímọ̀h láti òkèèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́rì Ejura dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ti gbé ẹrù sẹ́yìn. Sàwúdátù kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà, ohùn rẹ̀ sì já láàárín. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà tún já.

Sàwúdátù kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹta. "Àmín, Bàbá," ni ó wí. "Ó ti tó. Ọlọ́run ti gbọ́." Ó fi iwájú orí kan ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó dìde, ó ń lọ síbi lọ́rì.

Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ìró kan tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ni ó ń sunkún. Sàwúdátù mọ̀ pé bàbá òun kò fẹ́ kí òun rí ẹkún náà. Jímọ̀h na ọwọ́ sí i láti òkè, Sàwúdátù di ọwọ́ náà mú, ó gun lọ́rì, ó sì kọjú sí Ejura. Lọ́rì ṣí. Kò bojú wẹ̀yìn.